Gìtá Tí Kò Bo Ohùn Bàbá Mi Mọ́lẹ̀

Òórùn fáníìṣì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Láti inú ihò àárín gìtá náà ló ti máa ń ta sí mi nímú, òórùn bíi ti àga tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ ilé ìyàwó, èmi náà a sì máa fà á símú bí ẹni tí ebi ń pa tó gbóòórùn ọbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ọ́fíìsì kan ní èbúté Abidjan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń kọ ìwé ẹrù tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú wôrô-wôrô, takisí àwọ̀pọ̀ wa, ní Koumassi Remblais ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi a wúwo bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ru àwọn ẹrù náà láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ́fíìsì kọ́ ni iṣẹ́. Ilé ni iṣẹ́ wà.

Bàbá mi ló wà nílé. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adjamé, níbi tó ti ń ta èlò ara ọkọ̀ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì lọ. Kì í ṣe pé ó ya odi. Ohùn wà, etí wà, òye náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gan-an ni kò rí mú mọ́. Ó lè máa wo ife omi tó wà níwájú rẹ̀, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́, kí ó la ẹnu títí òógùn yóò fi bo iwájú orí rẹ̀, ohun tí yóò jáde kò ní ju "ìyẹn… ìyẹn" lọ. Faransé tó fi ná ọjà fún ogójì ọdún lọ, Jùlá tó fi ń bá àwọn mẹkáníìkì ṣàwàdà lọ, Yorùbá Èjìgbò tó gbé wá láti ilé sì tẹ̀ lé wọn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá wa ti kú tipẹ́. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí yàrá iwájú kí ó lè máa gbọ́ bí bàbá bá kígbe. Òun ló ń ṣe ti ọ̀sán, èmi ń ṣe ti àárọ̀ kùtùkùtù àti ti ìrọ̀lẹ́. À ń gbé e, à ń wẹ̀ ẹ́, à ń yí i kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò, à ń fọ aṣọ ibùsùn tí kì í tètè gbẹ nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ó ṣe máa ń rẹ ọmọ òkété tó.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ọdún méjì ṣáájú àìsàn náà ni bàbá ti dákẹ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ ló kú ní Èjìgbò, ó sì ní kí n bá òun lọ sìnkú. Ìyá àgbà yẹn ló sọ mí ní oríkì nígbà tí wọ́n gbé mi lọ hàn án ní ọmọ jòjòló. Òun àti bàbá nìkan ló sì ń fi pè mí. Mo ní iṣẹ́ ò gbà mí láyè. Ó ní iṣẹ́ yóò dúró. Mo wá fọ èsì ní Faransé, nítorí Yorùbá mi kò já geere tó èyí tí mo lè fi bínú: "Papa, là-bas c'est chez toi. C'est pas chez moi." Pé ilé tìrẹ ni, kì í ṣe ilé tèmi. Ó wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì dá lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Láti ìgbà tó ti padà dé, bí mo bá kí i, á dá mi lóhùn, kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Mò ń dúró kí inú rẹ̀ rọ̀; bóyá òun náà ń dúró kí n wá bẹ̀ ẹ́. Ẹnu ìdúró yẹn la wà tí àìsàn fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ni àrùn náà mú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń ránṣọ, ó ń kọ orin kan wúyẹ́wúyẹ́, orin tí bàbá fúnra rẹ̀ hun, tó máa ń kọ bí ó bá ń to ọjà. Orin náà ní: "Ọ̀nà Èjìgbò jìn o, ta ni yóò bá mi délé?" Kò tíì mí tí ohùn kan fi gbè é láti orí ibùsùn: "Ẹsẹ̀ mi ni yóò bá mi délé." Gbogbo ọ̀rọ̀ náà pé, wọ́n mọ́ ketekete. Ẹ̀gbọ́n mi fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó pè mí lórí fóònù ní ọ́fíìsì, ẹkún tó ń sun pọ̀ débi pé mo rò pé bàbá ti kú.

Ẹnu kò ya obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, orthophoniste tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àti orin kì í gbé yàrá kan náà nínú ọpọlọ. Ìlẹ̀kùn ọ̀kan ti tì, ti èkejì ṣì ṣí sílẹ̀. "Ẹ máa bá a kọrin lójoojúmọ́," ó ní, "mais doucement, hein. Doucement." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí a rọra. Èmi ò gbọ́ ju "orin" lọ.

Mo ti ta gìtá rí nígbà tí mo wà ní ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́, kí iṣẹ́ tó gba ọwọ́ mi. Mo wá pinnu pé èmi ni n óò máa ta á fún bàbá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun tó wà lọ́kàn mi ju ìtọ́jú lọ. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ bá lè gba ọ̀nà orin jáde, ọ̀rọ̀ tí mò ń retí láti ohun tó lé lọ́dún méjì yóò gba ibẹ̀ jáde pẹ̀lú.

Odidi oṣù kan ni mo fi ń wo fídíò lórí fóònù nínú wôrô-wôrô. Kí ó tó parí, mo ti di ọ̀mọ̀wé nípa ohun tí n kò fọwọ́ kàn. Mo mọ gìtá tó fẹ̀ léjìká àti èyí tí ìbàdí rẹ̀ sún wọlé. Mo mọ̀ pé igi funfun ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń pè ní épicéa máa ń fọhùn já gaara, àti pé ọ̀gànwó, acajou ti ilẹ̀ wa níbí, a máa rọra sọ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú gìtá tí wọ́n fi odindi igi kan ṣe sàn ju èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Mò ń ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi bí ó ti ń fún aṣọ ibùsùn ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gbọ́ títí, ó ní, "Èwo nínú wọn ni yóò bá wa fọṣọ?"

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ sí Adjamé Roxy. Ọjà ń hó bí ìkòkò, àwọn tó ń ti ọmọlanke ń ké "pardon, pardon" mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Gìtá bíi mẹ́jọ ló kọ́ sára ògiri. Àwọn kékeré tí kò dán wà ní igun, mi ò tilẹ̀ yíjú sí wọn. Èyí tó gba ojú mi jẹ́ abara ńlá kan tó fẹ èjìká, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìbàdí, tí ikùn rẹ̀ jìn bí àpótí, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí oyin, tó sì ń dán débi pé mo rí irùngbọ̀n mi nínú rẹ̀. Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Ọlọ́jà náà fa okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣọ́ọ̀bù gbọ̀n. "Grand frère, celle-là, elle crie!" ó ní. Pé èyí ń ké! Kò tàn mí jẹ. Èmi ni mo gbọ́ ọ bí ìyìn. Ó ní kí n jókòó, kí n gbé e lé itan wò. Mo ní kò pọn dandan. Mo ti mọ ohun gbogbo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti ibùsùn bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Gìtá náà ké lóòótọ́. Àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé, inú mi dùn. Mo rí ètè bàbá tó ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni, mo wá ta á kíkankíkan sí i kí n lè fún un lágbára. Ètè dúró. Ó yí ojú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó mọ́ ọn lára."

"Ara ta ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe agídí. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń gbé abara ńlá yẹn lé itan, etí rẹ̀ ń gún mi ní àyà, èjìká ọ̀tún mi ń ro mí nítorí ikùn rẹ̀ tí mo ní láti gbé apá kọjá. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan náà ni bàbá ń yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kan ó fi ọwọ́ òsì gbá okùn náà, ó ké "ìyẹn!" bí ẹni tó ń lé ajá. Mo ju gìtá sílẹ̀, mo ní n kò ṣe mọ́, pé inú rẹ̀ kò ní yọ́ sí mi láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ó kàn jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn aṣọ ilé-ìwé tí kò tíì rán tán, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Ó rẹ̀ mí, àbúrò mi. Bí ẹ bá fẹ́ bínú síra yín, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀ ná." Ojú tì mí ju bí ó bá ti bú mi lọ.

Ooru oṣù yẹn ló bá mi parí ọ̀rọ̀ náà. Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo rí i pé igi kékeré tó di okùn mú lójú gìtá ti ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n júwe oníṣẹ́-igi kan fún mi ní Koumassi, ìtòsí ọjà, àgbà ọkùnrin kan tó wá láti apá Kétu ní Bẹ̀nẹ̀. Ibùsùn àti ìlẹ̀kùn ló fi ń jẹun. Gìtá ló fẹ́ràn láti máa ṣe. Ó gbé tèmi, ó tan iná fóònù sí etí ihò rẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ìpele mẹ́ta ni mo rí, wọ́n tò lérí ara bí búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà sáàárín. Odindi igi kan kọ́ rárá. Mo ti gbọ́ nínú fídíò pé etí ihò ni kí èèyàn wò. Ìyanu tó ń dán yẹn ni kò jẹ́ kí n wò ó.

"Pákó kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́," àgbà náà ní, "pákó bẹ́ẹ̀ a máa fara da ọ̀rinrin. Gọ́ọ̀mù ni. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mọ ooru wa." Ó gbé e kalẹ̀. "Ta lò ń ta á fún, ọmọ mi?"

Mo sọ fún un. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ju ohun tó bi mí lọ. Mo sọ ti Èjìgbò, mo sọ ti ọ̀rọ̀ Faransé tí mo fọ̀, mo sọ ti ojú tó ń kọ sí ògiri. Ó ń fi ọwọ́ gbá ìyẹ̀fun igi kúrò lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ara ńlá, ohùn ńlá. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni ohùn àgbà ọkùnrin ń gbé. Àwọn méjèèjì ń du àga kan ṣoṣo, ta lo rò pé yóò dìde fún ẹnì kejì, gìtá ni àbí aláìsàn?" Ó ní bàbá mi kò bínú sí mi. Ó ní òun ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àìkú.

Ó wá lóòótọ́, ó kó gìtá mẹ́ta dání. Ó ní kí n ta orin kan náà lórí wọn, kí n rọra. Òun fúnra rẹ̀ kò wo gìtá kankan. Ẹsẹ̀ ibùsùn ló dúró sí, ó ń wo ọ̀fun bàbá mi. Èkíní fẹ èjìká bíi tèmi, odindi igi ni ojú rẹ̀, iṣẹ́ dáradára. Ètè bàbá nìkan ló mì. Èkejì ní ìbàdí díẹ̀, épicéa ni ojú rẹ̀, okùn irin. A gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ìyókù wọ inú ohùn okùn lọ. Ẹ̀kẹta kéré, ìbàdí rẹ̀ sún wọlé débi pé ó bá itan mi mu bí ọmọ tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé òun sí. Ọ̀gànwó ni látòkè délẹ̀, kò dán rárá, okùn rẹ̀ kì í ṣe irin, ọ̀rá tó rọ̀ lọ́wọ́ ni. Mo fi àtàǹpàkò kàn án. Ohùn kékeré kan jáde, ó gbóná, ó dúró nílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Ẹsẹ̀ mi ni yóò bá mi délé," bàbá mi kọ ọ́.

Àgbà náà gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé àyà bàbá, ó sì fa okùn kan. Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé igi náà, ó di ojú. Ó pẹ́ kí ó tó ṣí i. "Ó ti mú tirẹ̀," ni àgbà náà wí.

Ẹ wò ó, mo ṣì ní ẹnu ọ̀rọ̀. Mo rí ojú àpá kan ní ẹ̀gbẹ́ gìtá náà, mo ní fún àgbà náà pé, "Ṣùgbọ́n Bàbá, èyí ti sán."

Ó wo bàbá lórí ibùsùn, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo èmi. "Ta ni kò tíì sán nínú ilé yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, mo sì rántí pé n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Àgbà náà gba abara ńlá mi ní pàṣípààrọ̀. Ó ní òun yóò lẹ̀ ẹ́ padà, pé àwọn akọrin tí wọ́n pọ̀ ló yẹ ẹ́.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ la fi kọrin. Mi ò ní parọ́ pé ó dùn lójoojúmọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí mò ń tòògbé lórí gìtá, ọjọ́ mìíràn bàbá kàn ń sunkún láìnídìí, ọjọ́ mìíràn ilé ń rùn tí kò sì sí ẹni tó ní agbára láti dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ń gba orin jáde. Ó kọ́ láti fi ohùn orin béèrè omi. Ó kọ́ láti fi í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi ni kò pè.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, òjò ń rọ̀ sórí páànù, mò ń ta á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì béèrè bí mo ti máa ń béèrè: "Ta ni yóò bá mi délé?" Bàbá gbé ojú sókè. Ó wò mí. Níbi tí ó ti máa ń sọ pé "ẹsẹ̀ mi", ó fi oríkì mi sí i. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ó kọ ọ́ ní odindi, pẹ̀lú ohùn Èjìgbò, ó ní èmi ni yóò bá òun délé. Ìka mi kú sórí okùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní yàrá iwájú. Bàbá wá bojú jẹ́, ó fi ọwọ́ òsì lu ìhà gìtá náà kó-kó, bí ẹni tó ń sọ pé: kí ló dé tí o dúró? Mo ta á lọ. N kò rí okùn nítorí omi ojú, ṣùgbọ́n mo ta á lọ.

Mo bi orthophoniste náà léèrè. Ó ní bí ẹnu bá ti wà lójú ọ̀nà orin, ọ̀rọ̀ kan lè yọ̀ bọ́ sí àyè òmíràn láìjẹ́ pé ẹni náà pè é. "Ne cherchez pas trop," ó ní pẹ̀lẹ́. Kí n má wá a jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ló ń pa, pé bàbá mọ ohun tó sọ. Kò tún pe oríkì náà mọ́ títí ó fi lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló lọ, bí a ti ń múra àtiwẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí jíròrò, a sì sin ín sí Abidjan níbí. Àwọn ènìyàn ń retí kí a sunkún. Nígbà tí àlejò tán, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀sán gangan, a sùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn kan sọ pé a ò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ti pé ọdún díẹ̀ báyìí. Mo ti lọ sí Èjìgbò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún mi lóúnjẹ. N kò tíì mọ̀ bóyá bàbá dárí jì mí ní ọ̀sán òjò yẹn ni, àbí ahọ́n rẹ̀ kàn yọ̀. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá ara mi jiyàn lórí rẹ̀ láti ilé dé èbúté, láti èbúté dé ilé. N kò jiyàn mọ́. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, n óò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, a ó ṣí fèrèsé, a ó jókòó, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àwọn tó ń kọjá a máa kí wa pẹ̀lẹ́, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ṣì ni. Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Ó rẹ̀ wá ni, a sì ń sinmi.